Ṣé o mọ̀? Fírì nìkan kò lè gba jíà ọtọmátíìkì là

Ọkọ̀ ọtọmátíìkì tó kú ní Mọ́níyà, tí wọ́n fi okùn wọ́ dé Ìbàdàn, jíà rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bí awakọ̀ tilẹ̀ fi í sí fírì.

Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń pín ọ́ìlì káàkiri inú irú jíà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, pọ́ǹpù náà kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n táyà tó ń yí nílẹ̀ ṣì ń yí àwọn irin inú jíà, wọ́n á sì máa ha ara wọn ní gbígbẹ. Toyota Camry tó wọ́pọ̀ lọ́nà Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, táyà iwájú ló ń fà á. Iwájú yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ tó tó ilé gbé rìnrìn àjò máa ń fi ọ̀pá irin so ọkọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn Jeep Wrangler fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó ní àpótí jíà kejì. Èyí ni wọ́n ń fi sí fírì, tí táyà á fi máa yí láìkan jíà àgbà rárá.

Jíà àgbà ti Wrangler ọtọmátíìkì ńkọ́? Páàkì ni wọ́n máa ń fi sí kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ.