«Fermé» kì í ṣe «ó tì»: ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀rọ amúlégbóná

Gáàsì ni wọ́n fi ń mú ọ̀pọ̀ ilé gbóná ní Kánádà. Kí gáàsì tó wọlé, fáànù kékeré kan gbọ́dọ̀ máa fa èéfín síta. Bí ó bá ń fà á dáadáa, awọ fẹ́lẹ́ inú súìṣì kan yóò sún, irin méjì yóò kanra, ọ̀nà gáàsì yóò lè là. Bí yìnyín bá dí ihò èéfín, irin náà kò ní kanra. Iná kò ní ràn, èéfín olóró tí kò ní òórùn kò sì ní kún inú ilé.

Irin tó kanra ni Faransé ń pè ní «fermé». Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí «ó tì», bíi ti ilẹ̀kùn, òǹkàwé yóò rò pé gáàsì kò lè kọjá mọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá «irin kanra» àti «irin pínyà».