Ẹni Tí Kò Mọ Kóòdù Kọ Náà Ní Iṣẹ́ Níbẹ̀

Ní àkókò ìdánwò kan, a tẹ ìbéèrè èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sì sọ nípa «ọkọ̀ bàbá mi». Nígbà tí ìwé náà jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àmì ohùn ti pòórá lórí lẹ́tà ìkẹyìn. «Ọkọ bàbá mi» ni àwọn ọmọ kà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè fojú inú wo irú ẹ̀rín tó sọ nínú kíláàsì.

Lẹ́tà Faransé bíi é ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ̀rọ ní láti gbé àmì lé e lórí fúnra rẹ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tí yóò gbé e sí, ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Àwọn tó lè tún irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí a mú LibreOffice, ohun èlò ìkọ̀wé tó yapa kúrò lára OpenOffice.org ní ọdún 2010, tí The Document Foundation ní ìlú Berlin ń bójú tó. Logiciel libre ni: ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè wo inú rẹ̀ kí ó tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni tún lè fi àbùkù rẹ̀ sùn nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní Bugzilla. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí àwọn olùfisùn pọ̀ ju àwọn olùtúnṣe lọ fíìfíì. Ẹlòmíràn a kọ «kò ṣiṣẹ́», a sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní dísípáńsárì, kì í ṣe dókítà ló ń kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni yóò béèrè ibi tó ń dùn ún àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹni tuntun lè ṣe. Yóò mú ìfisùn kan tí wọ́n kọ UNCONFIRMED sí, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́rìí sí i. Yóò fi ẹ̀dà LibreOffice tó jáde kẹ́yìn ṣe ohun tí olùfisùn sọ, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Bí àbùkù náà bá hàn sí òun náà, yóò kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tó lò (ó wà nínú Aide, lábẹ́ À propos de LibreOffice), yóò sì yí i sí NEW. Bí kò bá hàn, yóò sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, yóò béèrè fáìlì tàbí àwòrán, yóò sì fi í sí NEEDINFO. Bí ẹlòmíràn bá ti fi ohun kan náà sùn tẹ́lẹ̀, yóò so méjèèjì pọ̀.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó wù wá: olùfisùn kì í jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè wo ọkọ àti ọkọ̀ kí ó má rí ohun tó ń dùn wá. Bí ọmọ Kétu bá fi í sùn, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ ló lè dìde jẹ́rìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èyí tó máa ń dẹ́rù ba àwa tí a kàwé ní Faransé; ṣùgbọ́n gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ti tó.

Ìwé ìdánwò tiwa ńkọ́? Bíìkì pupa la fi tún un ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn ọmọ. A kò kọ orúkọ fọ́ǹtì sílẹ̀, a kò kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ohun èlò tí a lò, a kò sì tọ́jú fáìlì náà. Kò sí ohun tí a lè fi sùn.