Ilẹ̀ Tí Mo Dà Ni Mo Bá Nínú Igbó Ẹlẹ́yẹlé

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ààtàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi dáadáa títí di òwúrọ̀ Sátidé kan tí èmi àti àwọn ará àdúgbò wa gbé ọkọ́, ìbọ̀wọ́ àti àpò, tí a wọ inú igbó ọba tó yí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé ká ní Ìbàdàn, láti kó pàǹtí tí àwọn ènìyàn ń dà síbẹ̀ lóru.

Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé ní Ẹlẹ́yẹlé ní ọdún 1942 kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nítorí omi yìí ni ìjọba ṣe dá igbó sí yí i ká. Gbòǹgbò igi a máa di ilẹ̀ mú, ewé tó rẹ̀ sílẹ̀ a sì máa sẹ́ omi òjò kí ó tó ṣàn wọnú adágún. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí sínú igbó náà, inú ìkòkò omi ará ìlú ló dà á sí.

Oríṣiríṣi nǹkan ni a bá níbẹ̀: ọ̀rá omi mímu, ike, ìlédìí ọmọdé, bátìrì, àfọ́kù ìgò àti bẹ́ẹ̀dì tó ti jẹrà. Nígbà tó ṣe, mo fa àpò kan, ó ya. Ìwé ló tú jáde: ìwé iṣẹ́ ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, orúkọ mi gàdàgbà lára rẹ̀! Ojú tì mí. Mo rántí ọmọkùnrin ọlọ́mọlanke tí ń kó ilẹ̀ ilé wa ní ọjọọjọ́ Ẹtì. Owó rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ akólẹ̀, n kò sì bi í léèrè rí ibi tó ń kó o lọ. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, dà á sápò, jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.”

Ìbàdàn ti jìyà ìdọ̀tí rí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí ọ̀nà omi wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ibi gbà.

Kì í ṣe pé kò sí ibi tó yẹ kí a da ilẹ̀ sí. Ìjọba ya ààtàn sọ́tọ̀ ní Lápìtẹ́, Ajákáǹgà, Aba-Eku àti Awótán, Awótán kò sì jìnnà púpọ̀ sí Ẹlẹ́yẹlé.

Irú iṣẹ́ yìí kò ju agbára ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, nǹkan bí 50,000 ènìyàn jáde ní orílẹ̀-èdè Estonia, wọ́n sì kó ìdọ̀tí tó tó 10,000 tọ́ọ̀nù kúrò nínú igbó àti lẹ́bàá ọ̀nà láàárín wákàtí márùn-ún. Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti wá àwọn ààtàn náà kiri, tí wọ́n sì sàmì sí wọn lórí àwòrán ilẹ̀.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe é ní àdúgbò yín, ohun tí a rí kọ́ nìyí:

• Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀, kí ẹ sì fi tó àwọn olùṣọ́ igbó àti wolé-wolé létí.
• Ẹ ṣètò ọkọ̀ tí yóò kó o lọ sí ààtàn ìjọba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
• Ẹ wọ bàtà tó le àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ má sì mú ọmọdé lọ. Abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò kò mọ ẹni tó wá ṣe rere.
• Ẹ má dáná sun ún. Èéfín ọ̀rá a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, iná sì lè ràn mọ́ igi.
• Ẹ dí ọ̀nà tí ọmọlanke ń gbà wọlé, kí ẹ sì máa padà lọ wò ó.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún dé ní ọjọ́ Ẹtì, mo bi í pé, “Àbúrò, níbo lo máa ń kó o lọ?” Ó wolẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, iye tí ẹ ń san kò lè gbé mi dé ààtàn.” N kò rí èsì fọ̀.

Ilé mẹ́fà ti ń dá owó jọ báyìí, ọkọ̀ akólẹ̀ ló sì ń kó ilẹ̀ wa. Ọmọkùnrin náà ń bá wa ṣa ike sọ́tọ̀, ó ń tà á. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èyí tí èmi dà sínú igbó, ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o.