Àdán Méjì Lára Ìkòkò Ọba

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ń tòògbé, kó lọ bọ́jú wá. Ìtàn alẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti iwin inú igbó. Ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ń rò ó, orí mi a máa wú.

Ìkòkò kan ń bẹ. Tánganran ni, kò ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ó yọkùn díẹ̀ láàárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, ara rẹ̀ sì funfun nini. Ẹ̀ka igi písì kan ni wọ́n yà tó fà yí i ká. Èso mẹ́jọ ló so, gbogbo wọn pọ́n, wọ́n pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó sì là sí àárín wọn. Àdán méjì ń fò lára rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, nígbà ayé Ọba Yongzheng tó jọba láti 1723 di 1735. Wọ́n fi àwọ̀ búlúù kọ orúkọ ọba náà sí ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní: àdán kẹ̀? Àdán tó dorí kodò tó ń wo ìṣe ẹyẹ, ta ló ń yà á sára ohun ọ̀ṣọ́? Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe àdán náà ni wọ́n ń pe ire, fú ni wọ́n ń pe méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó ya àdán, ire ló yà. Bí àdán náà bá pupa, ire ọ̀hún pọ̀ jaburata, torí pé pupa àti ohun tó pọ̀ dún bákan náà lẹ́nu wọn. Bí ó bá sì jẹ́ àdán márùn-ún, ire márùn-ún ni: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, àlàáfíà ara, ìfẹ́ ìwà rere, àti ikú ọjọ́ ogbó. Kí èyí má ṣàjèjì sí yín, ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Ṣé a kì í mú orógbó kí ọmọ lè gbó? Ṣé a kì í mú obì kí ó lè bi ikú, kí ó bi àrùn? Ẹnu ni àwa fi ń wúre. Àwọn ya tiwọn sára amọ̀, wọ́n sì fi iná sun ún.

Ti písì ńkọ́? Ẹ̀mí gígùn ni. Wọ́n ní ayaba kan ń bẹ ní ìwọ̀ oòrùn ayé, Xiwangmu lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọgbà kan tí igi písì ibẹ̀ ń so ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín 3,000 ọdún. Ẹni tó bá rí èso náà jẹ, ikú ò tún rí i gbéṣe mọ́. Ẹ wá so ó pọ̀ mọ́ ti àdán: kí ọba gbó, kí ire bá a títí ọjọ́ alẹ́. Ohun tí ìkòkò náà ń wí nìyẹn, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ohun tó fi wí i.

Jingdezhen ni ìlú tí wọ́n ti mọ ọ́n, ní agbègbè Jiangxi. Òkè kan wà nítòsí ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gaoling, níbi tí amọ̀ funfun wà. Wọ́n á po amọ̀ yìí mọ́ òkúta tí wọ́n gún kúnná, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 1,300 ní òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya àwòrán sí i, wọ́n á tún dá a padà sínú iná tí kò le tó ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára písì yẹn, wúrà ló wà nínú rẹ̀. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó gbé níbẹ̀, d'Entrecolles, kọ lẹ́tà sílé ní 1712 pé lóru, ńṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo ìlú ń jóná, àti pé ohun èlò kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ 70 òṣìṣẹ́ kọjá.

Ẹ fi igi kan sí iná yẹn, kí n sọ ti Tong Bin fún yín.

Èyí ṣáájú Yongzheng. Ní 1599, ààfin ránṣẹ́ pé àwọn ń fẹ́ àmù ńláńlá tí a ya dírágónì sí lára. Àwọn amọ̀kòkò mọ ọ́n títí, ó ń sán. Wọ́n tún un mọ, ó tún sán. Ìwẹ̀fà tí ọba rán wá, Pan Xiang, kò gbọ́ àwáwí kankan. Ńṣe ló ń nà wọ́n, tó ń fìyà jẹ wọ́n. Tong Bin, tí iṣẹ́ iná sísun wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò lè gbà á mọ́ra. Ó bẹ́ sínú iná iléru. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣí iléru náà, àmù ti jinná, kò sán rárá. Ará ìlú kọ́ ojúbọ fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà iná iléru. Nígbà tí Yongzheng rán òṣìṣẹ́ ààfin kan, Tang Ying, lọ bójú tó iléru ọba ní Jingdezhen ní 1728, ọkùnrin náà kò mọ iṣẹ́ amọ̀ rárá. Ọdún mẹ́ta ló fi bá àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, tó bá wọn sùn, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ ìtàn Tong Bin sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ẹni tí ọba rán níṣẹ́ tó sì jókòó ti amọ̀kòkò láti kọ́ ọgbọ́n, irú wọn kò pọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fò dé Amẹ́ríkà. Ìkòkò ẹlẹ́písì mẹ́jọ yìí bá ara rẹ̀ nílé àwọn ẹbí Ogden Reid, ẹni tó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Ísírẹ́lì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe? Wọ́n sọ ọ́ di ìdí àtùpà! Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n dà kún inú rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ohun tí wọ́n sun fún ojú ọba nìkan, òun ló ń gbé gílóòbù ró ní pálọ̀. Kò fọ́. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, ìwúre ọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó kà á.

Ní 2002, wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo ní Hong Kong. Obìnrin kan, Alice Cheng, rà á ní mílíọ̀nù 41.5 owó dọ́là ibẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí tánganran kankan láti ìgbà ìran ọba Qing, ìran tí Yongzheng ti wá, tí wọ́n tà tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbàǹjo. Owó náà ya ayé lẹ́nu. Èmi, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló yà mí lẹ́nu: kò gbé e pamọ́ sílé. Ó fi ta mùsíọ́ọ̀mù ìlú Shanghai lọ́rẹ, níbi tí ọmọ tálákà ti lè lọ wò ó.

Ta ló bèèrè bóyá mẹ́jọ ni písì máa ń jẹ́ nígbà gbogbo? O ṣeun, ọmọ mi. Lábẹ́ Yongzheng, mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń yà. Nígbà tí Qianlong ọmọ rẹ̀ jọba, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Àwọn èèyàn Ṣáínà kò sì tíì fi písì sílẹ̀ dòní. Bí àgbàlagbà wọn bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n á po ìyẹ̀fun, wọ́n á fi ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n bíi písì, wọ́n á kun orí rẹ̀ ní pupa, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná sè é. Wọ́n á gbé e síwájú bàbá, gbogbo ọmọ á sì bá a jẹ níbẹ̀.