Sísanra, Wíwú àti Oyún: Ohun tí Ikùn Ológbò Ń Sọ fún Wa

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ológbò. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí n sì ya àwọn tí ó jọra sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí ológbò ilé bá tóbi lójijì, gbólóhùn kan ni a sábà máa ń sọ: 'Ó ti sanra.' Ṣùgbọ́n èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàárín sísanra, wíwú àti lílóyún. Ẹni tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lè jẹ́ kí ẹran tí ó ń ṣàìsàn kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Ifọ́n, Ìdóàní àti àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, nítorí èkúté ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń sin ológbò. Àwọn àgbà ní bí ológìnní bá lọ sí àjò, ilé a di ilé èkúté. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń so ẹran yìí pọ̀ mọ́ àjẹ́. Bí ara rẹ̀ bá yí padà láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rù a bà wọ́n, wọn a sì lé e jáde tàbí kí wọ́n pa á. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a mọ ohun tí ó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi oyún ṣáájú. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé ọdún kan, àní nígbà tí ó bá wà ní nǹkan bí oṣù 5. Nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 67 ni oyún rẹ̀ ń gbà. Ọmú rẹ̀ a kọ́kọ́ pọ́n, a sì yọ síta. Lẹ́yìn èyí ni ikùn yóò máa tóbi díẹ̀díẹ̀.

Ní ti sísanra, gbogbo ara ni ó ń kàn. Púpọ̀ nínú àwọn ológbò tí ó ti dàgbà kì í ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Ẹ fi ọwọ́ ra egungun ìhà rẹ̀: bí ẹ kò bá lè mọ̀ ọ́n lára láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀rá ti pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí a ti tẹ̀ lọ́dàá kì í nílò oúnjẹ púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òmíràn sì wà tí ó ń jẹun nílé, tí ó tún ń jẹun lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ebi pa á, nítorí bí ológbò tí ó sanra bá lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó sì pa á.

Wíwú ni ó léwu jù. Ikùn nìkan ni yóò tóbi, ẹ̀yìn àti itan yóò sì máa rù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ológbò, aràn ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó bá jẹ́ àgbà, omi lè ti kún ikùn rẹ̀ nítorí àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀. Oògùn eku kan sì wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: bí ológbò bá jẹ èkúté tí ó ti jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ikùn rẹ̀. Ẹ tètè gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ọ̀rọ̀ oògùn eku yìí ni ó kan ìlú wa gan-an. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lásà, ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Lónìí, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára àwọn agbègbè tí ó ti ń jà jù lọ, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté kan tí ó máa ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ni ó sábà ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ológbò tí ara rẹ̀ le a máa lé èkúté, ṣùgbọ́n kò lè dípò ìdérí ìkòkò. Ẹ má ṣe sá gàrí tàbí láfún sí ibi tí èkúté lè dé. Ẹ tọ́jú oúnjẹ sínú ohun tí ó ní ìdérí. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán mú èkúté tí ológbò bá pa. Bí ibà bá mú yín tí oògùn ibà lásán kò ràn án, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ mọ ìtọ́jú àrùn yìí dáadáa, oògùn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè lò ó.

Bí ológbò yín bá tóbi, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé ó sanra ni, ṣé ó wú ni, àbí ó lóyún? Ẹni tí ó bá mọ orúkọ àìsàn ni ó mọ ibi tí yóò gbé e lọ.