Ilé Ẹ̀kọ́ Munali ní Ilẹ̀ Zambia

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Zambia, bàbà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lusaka, olú-ìlú wọn, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Munali ni orúkọ rẹ̀.

Northern Rhodesia ni à ń pe ilẹ̀ náà kí ó tó gba òmìnira ní 1964. Ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó ṣàkóso rẹ̀ títí di 1924, kí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Ọrùn àwọn míṣọ́nnárì ni ẹrù ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kàwé kọjá ìwọ̀n tiwọn, àfi kí ó lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ta ni ó lówó ìyẹn?

Ọdún 1939 ni ìjọba tó dá Munali sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ tí ó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú. Kì í ṣe pé owó kò sí. Bàbà ń mówó wọlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó ti gbé ìjọba sílẹ̀ kò gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí bàbà sílẹ̀. Ó ń gba owó náà títí di 1964.

Ní 1941, ọmọkùnrin kan wá sí Munali láti Lubwa, lẹ́bàá Chinsali níhà àríwá. Ọdún méjì ni ó lò kí ó tó padà lọ ṣe olùkọ́ nílé. Kenneth Kaunda ni, ẹni tí ó di Ààrẹ àkọ́kọ́. Níbẹ̀ náà ni John Mwanakatwe ti kàwé, ẹni tí ó di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1964, àti Mainza Chona, tí ó di olórí àwọn mínísítà ní 1973. Akọ̀wé àti olùkọ́ ni ìjọba ń wá. Àwọn tí yóò gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń tọ́.

Síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tẹ̀ lé Munali, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ní ọjọ́ òmìnira, ènìyàn ilẹ̀ náà ju mílíọ̀nù 3 lọ. Àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí girama kò ju bíi 1,200, àwọn tí ó gba oyè yunifásítì sì jẹ́ bíi 100. Nínú wọn ni a ti ní láti wá dókítà, adájọ́, ẹnjiníà àti olùkọ́. Ìdí nìyí tí ìjọba tuntun fi kán lójú láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, tí yunifásítì tiwọn sì ṣí ilẹ̀kùn ní 1966.

Ẹ̀yin ará, a lè wa bàbà lóṣù díẹ̀. Ọdún méjìlá, mẹ́tàlá ni à ń fi kọ́ ọmọ kan dé òpin girama. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó kórè.