Àgbàrá Òjijì: Orúkọ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

‘Ìkún-omi’ ni ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ ń pe gbogbo omi tí ó bá kọjá ààyè rẹ̀. Ó yẹ kí a ya irú kan sọ́tọ̀, kí a pè é ní ‘àgbàrá òjijì’.

Nínú ìkún-omi, odò a máa kún díẹ̀díẹ̀ kí ó tó bo bèbè. Ní ti àgbàrá òjijì, òjò ńlá ni yóò rọ̀ sórí òkè olókùúta tí kò lè fa omi mu. Omi yóò sì ya wọ àfonífojì kíákíá, tòun ti òkúta àti igi.

Mo ti gba àfonífojì Big Thompson kọjá ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Àpáta ga lọ́tùn-ún lósì, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹwà ibẹ̀ kò jẹ́ kí àlejò fura. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1976, òjò tí ó tó 300 mílímítà rọ̀ níbẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí 4. Ènìyàn tí ó kú lé ní 140. Àwọn kan fẹ́ fi ọkọ̀ sá àsálà, omi bá wọn lójú títì; ọ̀pọ̀ tí ó gun òkè là á já. Pátákó ojú ọ̀nà ibẹ̀ ń kìlọ̀ báyìí pé kí ènìyàn gun òkè.

Ẹni tí ó gbọ́ ‘ìkún-omi’ lè rò pé àyè wà láti kó ẹrù. Yorùbá sì ti mọ ipá àgbàrá: àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí ń ṣàn lójúde lẹ́yìn òjò náà ń jẹ́ àgbàrá. ‘Òjijì’ ni ó fi ìyàtọ̀ hàn, òun ni ó sì ń sọ fún olùgbọ́ pé kí ó má ṣe dúró.